Ẹran Hàláàlì, Irin Ẹlẹ́gbin

  

Bí ọdún Iléyá bá ti ń sún mọ́lé báyìí, gbogbo wa la mọ ohun tí a ń bèèrè nípa àgbò. Ṣé ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó? Ṣé ojú rẹ̀ méjèèjì ríran? Ṣé kò tiro? Ṣé kò ṣàìsàn? A ó wá ẹni tí yóò dúńbú rẹ̀, a ó pọ́n ọ̀bẹ kí ó mú dáadáa kí ẹran má baà jìyà. A ó dojú rẹ̀ kọ Kíbílà, a ó dárúkọ Ọlọ́hun lé e lórí. A ó pín in: ti ilé, ti ará àti ọ̀rẹ́, ti àwọn aláìní. Gbogbo èyí ló dára, kò sì sí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa ní ìbéèrè kan. Lẹ́yìn gbogbo ìtọ́jú yìí, orí kí ni a máa ń gbé ẹran náà lé nígbà tí a bá fẹ́ sun ún?

Ní ọ̀pọ̀ mọ́sálásí àti ilé tí a mọ̀, irin àsun ni, irin oníhò tí wọ́n tẹ́ sórí àgbá tí wọ́n là sí méjì. Láti ọdún èṣí ló ti wà lẹ́yìnkùlé. Ọ̀rá ti gbẹ mọ́ ọn lára, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Òjò ti pa á, ó ti dípẹtà. Adìyẹ ti sùn lé e. Ní ọjọ́ ọdún, ẹnìkan á gbé e, á gbá a mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, á gbé e ka orí èédú, á ní, "Ẹ fi sílẹ̀, iná á pa gbogbo ẹ̀."

Èrò tiwa ni pé fífọ irin yìí àti ìtọ́jú rẹ̀ wà lára ètò ọdún gan-an, bí ọ̀bẹ mímú ti wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá gbé oúnjẹ fún ènìyàn ti gba àmánà. Ẹni tó ń jẹ ẹran mọ́sálásí kò ní bèèrè bí irin rẹ̀ ṣe rí. Ó gbà pé nígbà tó ti jẹ́ pé ọ̀dọ̀ wa ló ti wá, ó mọ́. A kò gbọ́dọ̀ já a kulẹ̀.

Ọmọ tí kò lè gbé itọ́ mì

A kò kọ èyí láti fi bá ẹnikẹ́ni wí. Ọ̀dọ̀ àwa gan-an ni ẹ̀bi ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ọdún kan, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wá sí ilé ìtajà oògùn wa. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọ̀fun ọmọ yìí, Dókítà. Láti àná ni kò ti lè gbé itọ́ mì. Mo rò pé eegun ló há a lọ́fun. Mo ti fún un ní òkèlè ẹ̀bà ńlá mẹ́ta kó fi tì í wọlé, kò lọ. Ẹ fún wa ní kápúsù."

A fi tọ́ọ̀ṣì wo ọ̀fun ọmọ náà, a kò rí nǹkan kan. A ti ń na ọwọ́ sí oògùn nígbà tí ó wá sí wa lọ́kàn láti bi í pé kí ló jẹ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Ó ní, "Àsun tí ẹ fún wa ní mọ́sálásí ni, sà."

Ọ̀rọ̀ náà gún wa lọ́kàn, nítorí àwa la fọ irin àsun ọjọ́ náà. Búrọ́ọ̀ṣì wáyà tuntun la fi ha á láàárọ̀, títí irin fi ń dán, a sì ń yin ara wa pé a ṣiṣẹ́. A mú ìyá àti ọmọ lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Fọ́tò X-ray fi wáyà tín-ín-rín kan hàn tó ti wọ inú ọ̀fun rẹ̀. Wọ́n yọ ọ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, ara ọmọ náà sì yá. Nígbà tí a bẹ ìyá rẹ̀ pé kí ó fi orí jì wá, ó ní, "Ẹ ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, Dókítà. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún àwọn tó kù." Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń ka èyí.

Ọ̀rọ̀ búrọ́ọ̀ṣì wáyà

Ohun tó ṣe ọmọ yìí kì í ṣe ohun àjèjì lágbàáyé. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti fẹ́ràn ẹran sísun gan-an, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń mójú tó ìdènà àrùn gbé ìròyìn jáde ní ọdún 2012 nípa ènìyàn mẹ́fà tí wọ́n tọ́jú ní ìpínlẹ̀ Rhode Island láàárín oṣù kẹta ọdún 2011 sí oṣù kẹfà ọdún 2012. Gbogbo wọn ló gbé wáyà búrọ́ọ̀ṣì mì pẹ̀lú ẹran sísun. Ọrùn ló ti dun àwọn kan, inú ló ti dun àwọn mìíràn. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Missouri ṣírò rẹ̀ pé láti 2002 sí 2014, ó lé ní 1,600 ènìyàn tí irú ìpalára yìí gbé dé ọsibítù ní orílẹ̀-èdè náà.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Wáyà búrọ́ọ̀ṣì máa ń gbó, á tú, á lẹ̀ mọ́ ọ̀rá tó wà lára irin. A kì í rí i. Ẹran tútù tí a bá gbé lé e ni yóò gbé e, ata àti àlùbọ́sà á sì bò ó mọ́lẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì tí a ń rà lọ́jà wa gan-an, tàwọn wẹ́dà àti àwọn akunlé ni, wọ́n fi ń ha ìpẹtà àti ọ̀dà. Ẹni tó ṣe é kò ro oúnjẹ sí i rárá. Kànìnkànìn onírin tí a fi ń fọ ìkòkò náà kò yàtọ̀, òun náà máa ń já wẹ́wẹ́.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn wa kò ní àbùkún: ẹ má ṣe fi búrọ́ọ̀ṣì wáyà kan irin tí a fi ń sun ẹran mọ́. Ẹ gbé e fún wẹ́dà.

Ọ̀rọ̀ òkèlè ẹ̀bà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa ni wọ́n fi tọ́ dàgbà pé bí nǹkan bá há ni lọ́fun, òkèlè ńlá ni kí a fi tì í. Bí nǹkan náà bá mú, òkèlè yẹn lè tì í wọnú ẹran ara síi, ó sì lè gbé e dé inú ìfun, kí ó lu ìfun. Bí ènìyàn bá jẹ àsun tán, tí ọ̀fun bẹ̀rẹ̀ sí í gún un, tàbí tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún gan-an, ẹ má fún un ní oúnjẹ, ẹ má wá kápúsù, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. Ẹ sì sọ fún dókítà pé àsun ló jẹ, kí wọ́n lè mọ ohun tí wọn yóò wá.

Ohun tí iná ń pa àti ohun tí kò pa

Ẹ jẹ́ kí a padà sórí "iná á pa gbogbo ẹ̀." Òótọ́ wà níbẹ̀. Iná tó gbóná dáadáa ń pa kòkòrò àìfojúrí. Ṣùgbọ́n àárín irin ló ń gbóná bẹ́ẹ̀. Etí irin kì í gbóná tó o, etí yẹn gan-an la sì máa ń ti ẹran tó ti jiná sí kí ó má baà tutù. Àwọn kòkòrò kan tún wà, bíi èyí tí wọ́n ń pè ní Staphylococcus aureus, tó máa ń su májèlé sínú oúnjẹ tí a fi sílẹ̀. Bí iná bá tilẹ̀ pa kòkòrò náà, májèlé rẹ̀ kì í tètè kú. Ẹran wẹ́wẹ́ àti ọ̀rá tó lẹ̀ mọ́ irin láti ọjọ́ kìíní ọdún di ọjọ́ kejì, nínú ooru tiwa yìí, oúnjẹ àwọn kòkòrò ni.

Iná kì í pa wáyà. Iná kì í pa ìpẹtà. Ọ̀rá ọdún èṣí kì í di tuntun nínú iná, ńṣe ló ń jó di èédú àti èéfín tó ń lẹ̀ mọ́ ẹran tuntun. Ọ̀kan nínú èròjà tó máa ń wà nínú irú èéfín bẹ́ẹ̀, benzo[a]pyrene, wà lára ohun tí ẹ̀ka Àjọ Ìlera Àgbáyé tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti kà mọ́ ohun tó ń fa jẹjẹrẹ. A kò sọ pé ẹni tó bá jẹ àsun lọ́jọ́ ọdún ti kó jẹjẹrẹ. A kàn ń sọ pé kò sí ìdí tí a ó fi máa fi èérí èṣí kún èéfín ọdún yìí.

Kì í ṣe gbogbo irin ni irin àsun

A ti rí ilé tó jẹ́ pé pákó onírin inú fíríìjì tó ti bàjẹ́ ni wọ́n yọ láti fi sun ẹran. A ti rí ibi tí wọ́n ti gé nẹ́ẹ̀tì tí a fi ń ṣe ọgbà adìyẹ. Àwọn irin wọ̀nyí ń dán nítorí pé wọ́n ti fi irin mìíràn bò wọ́n lára. Síńkì ni wọ́n fi bo nẹ́ẹ̀tì. Bí ooru bá ti tó nǹkan bí 420 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, síńkì ń yọ́, ẹyin iná èédú tí a bá fẹ́ dáadáa sì ń kọjá bẹ́ẹ̀. Èéfín síńkì máa ń fún ènìyàn ní ibà àti òtútù. Ní ti irin inú fíríìjì, pàápàá ti àtijọ́, wọ́n lè ti fi cadmium bò ó, èyí tó máa ń ba kíndìnrín jẹ́. Fíríìjì la ṣe wọ́n fún, a kò ṣe wọ́n fún iná.

Èyí tó dára ni irin ọ̀pá lásán tí wẹ́dà so pọ̀, tí a kò kùn ní ọ̀dà rárá, tàbí irin tí kì í dípẹtà bí ẹ bá lágbára rẹ̀. Bí wẹ́dà bá gbé tuntun wá, ẹ kọ́kọ́ fi jóná lórí èédú láìsí ẹran lórí rẹ̀, kí ẹ sì fọ̀ ọ́, nítorí epo àti ìdọ̀tí ibi iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀.

Èkúté mọ irin tó ní ọ̀rá

Bí a bá fi irin ọlọ́ràá sí yàrá tí a ń kó ẹní àti ìkòkò mọ́sálásí sí, èkúté la ranṣẹ́ sí. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ní ọdún 1969 ní ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno, ti di ohun tó ń pààyàn ní àdúgbò tiwa. Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti Ẹdó wà lára ibi tó ti ń jà jù lọ. Ara ìtọ̀ àti ìgbẹ́ èkúté ló ti máa ń ran ènìyàn. Iná lè pa á lórí irin, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọmọ tó gbé irin náà jáde ti kàn án kí ó tó dé orí iná, abọ́ àti ìkòkò tó wà nínú yàrá kan náà kò sì ní dé orí iná rárá. Irin tó mọ́ kò ní fa èkúté wọ inú yàrá.

Bí a ṣe ń fọ̀ ọ́

Àsìkò ni àṣírí iṣẹ́ yìí. Irin tí a fọ̀ nígbà tó ṣì gbóná kì í gba àsìkò púpọ̀. Èyí tí a fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì lè gba ìdajì ọjọ́.

Bí a bá ti kó ẹran tó kẹ́yìn kúrò, kí a fi irin sílẹ̀ lórí ẹyin iná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọ̀rá á gbẹ, á máa bó. Kí a wá fi ọparun tí a gé lẹ́nu pẹrẹsẹ ha á, kí ọparun náà gùn kí iná má baà jó ni lọ́wọ́. Ẹni tó bá ní bébà fóìlì lè ká a bíi bọ́ọ̀lù, kí ó fi ẹ̀mú mú un, kí ó fi ha á. Lẹ́yìn náà, kí a gún ìdajì àlùbọ́sà tàbí òrombó wẹ́wẹ́ mọ́ fọ́ọ̀kì gígùn, kí a fi ra irin náà síwá sẹ́yìn.

Bí irin bá tutù, kí a rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná àti ọṣẹ ìfọbọ́ fún ìdajì wákàtí, kí a sì fi kànìnkànìn ìbílẹ̀ fọ̀ ọ́. Ibi tí kò bá sí ọṣẹ, eérú wà. Àwọn ìyá wa tó ń fi eérú fọ ìkòkò kò ṣìnà: omi eérú ni wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú, ó sì ń gé ọ̀rá. Kí a fi omi mímọ́ tó ń ṣàn ṣan án títí tí kò fi ní sí àmì ẹ̀jẹ̀ tàbí ọ̀rá lára rẹ̀ mọ́. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ tó ṣàn jáde lára ẹran, nàjísí ni. Fífọ̀ rẹ̀ kúrò kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlera nìkan.

Kí a tún gbé e padà sórí iná díẹ̀ kí ó gbẹ, nítorí omi tó kù lára rẹ̀ ni ìpẹtà. Kí a fi aṣọ òwú mímọ́ fi òróró ẹ̀pà ra á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kí a fi àpò mímọ́ wé e, kí a so ó kọ́ sókè.

Ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ lò ó, kí a fi aṣọ funfun tó tutù nù ún lójú ìmọ́lẹ̀. Bí aṣọ bá dúdú, kí a tún un fọ̀. Bí nǹkan kan bá fa aṣọ, kí a wá a títí tí a ó fi rí i. Lẹ́yìn náà, kí a fi iná yá a fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹran tó dé orí rẹ̀. Ẹ má sì ṣe kó ẹran tó ti jiná padà sínú abọ́ tí ẹran tútù ti wà. Iṣẹ́ gbogbo á bàjẹ́.

Ohun mẹ́ta ni kí a yẹra fún. Èkíní, ẹ má ṣe da omi Hypo tàbí irú rẹ̀ pọ̀ mọ́ òrombó, fínígà tàbí oògùn ìfọ-ṣáláńgá. Èéfín olóró ló ń jáde níbẹ̀, ó ń jó ẹ̀dọ̀fóró, kò sì tún dára fún irin. Èkejì, ẹ má ṣe fi kọ́sítíìkì sóódà fọ̀ ọ́. Ó ń fọ́ ojú, ó ń bó awọ ara, bí ọmọdé bá sì mu ún láti inú ike omi tí a rọ ọ́ sí, ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè bàjẹ́ títí ayé. Ẹ̀kẹta, ẹ má ṣe fi kẹrosíìnì nù ún.

Ta ni yóò fọ̀ ọ́?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le díẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, àwa ọkùnrin là ń dúró ti iná, àwa là ń gbọ́ "ẹ kú iṣẹ́." Bí ẹran bá tán, a ó na ẹsẹ̀ sórí ẹní, a ó fi irin sílẹ̀ fún àwọn obìnrin tó ti wà nídìí ìkòkò láti òwúrọ̀. Àwọn náà á fi sílẹ̀ fún ọmọdé. Ọmọdé á fi sílẹ̀ fún òjò. A ti gbọ́ láti ẹnu Àíṣà, ìyá wa, pé Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, máa ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe iṣẹ́ ilé. Kí ló wá dé tí irin yóò fi wúwo fún wa?

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé ẹni tó bá sun ẹran ni kí ó fọ irin, kí ó fọ̀ ọ́ kí ó tó kúrò nídìí iná. Kí ìgbìmọ̀ mọ́sálásí kọ orúkọ ẹni méjì sílẹ̀ fún un, bí wọ́n ti ń kọ ti ẹni tó ń mójú tó ẹní àti omi alùwàlá. Kí àpò mọ́sálásí ra irin tó dára lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá tọ́jú rẹ̀, yóò pẹ́ lọ́wọ́ wa. Ní wàlíìmọ̀, ní ìsọmọlórúkọ, ní Máólúdì, irin kan náà la ó máa gbé jáde, ọkàn wa á sì balẹ̀.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ: àwọn bàbá wa kò fọ irin, wọ́n sì pẹ́ láyé. Bóyá. Ṣùgbọ́n àwọn bàbá wa kò ní búrọ́ọ̀ṣì wáyà, wọn kò sì ní irin fíríìjì. Igi tútù ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń gún ẹran sídìí iná, wọ́n á sì jù ú nù bí ẹran bá jiná. Àwa tí a gba irin tí kì í ṣeé jù nù, àwa la ni ìtọ́jú rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má dúró de ọjọ́ ọdún. Bí ẹ bá ti ka èyí tán, ẹ lọ sí ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ wo irin ilé yín. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀, ẹ bèèrè ti mọ́sálásí yín.

Kí Ọlọ́hun gba ẹran wa ní ìjọsìn, kí ó má jẹ́ kí a fi ọwọ́ ara wa pa ẹni tí a fẹ́ bọ́ lára. Àmín.